Gbígbọ́ orúkọ ará Jàpáànù kọ́ ni mímọ ìtumọ̀ rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń wo anime, ìyẹn fíìmù àwòrán yíyà àwọn ará Jàpáànù, àti ẹ̀yin tí ọmọ yín ń wò ó mọ́jú, ẹ ó ti bá irú àkójọ yìí pàdé lórí fóònù: ọgọ́rùn-ún orúkọ Jàpáànù pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn. Wọ́n á ní ìmọ́lẹ̀ ni Akira. Wọ́n á ní òdòdó ni Sakura. Àwọn kan ti tibẹ̀ mú orúkọ tí wọ́n fín sí apá, àwọn mìíràn ń fi pe ara wọn nínú géèmù. Ìgbàgbọ́ tó bí àwọn àkójọ wọ̀nyí ni pé bí etí bá ti gbọ́ orúkọ, ìtumọ̀ ti dé nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Lójú tèmi, ibi tí èyí ti hàn jù lọ ni ibi tí ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ anime kò ní rò dé: ibùdó ìdìbò.

Kò yà mí lẹ́nu pé ìgbàgbọ́ yìí tètè wọ̀ wá lára. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, odindi gbólóhùn la sì máa ń fi sọ ọ́. Ẹni tó bá gbọ́ Babátúndé ti mọ̀ pé bàbá àgbà kan ti kú kí ọmọ náà tó dé. Ẹni tó bá gbọ́ Abíọ́nà mọ ibi tí ìyá rẹ̀ wà nígbà tí ìrọbí mú un. Kò sẹ́ni tó ní láti wo ìwé, ohùn ti gbé gbogbo rẹ̀. A wá rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe é ní Tokyo.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹnì kan tí kì í ṣe ènìyàn dán an wò. Àwọn ará Jàpáànù fẹ́ràn láti máa dá ẹ̀dá inú àwòrán sílẹ̀ fún ohun gbogbo: ìlú ní tirẹ̀, ọlọ́pàá ní tirẹ̀, ilé iṣẹ́ reluwé ní tirẹ̀. Ìdìbò náà ní tirẹ̀. Meisui-kun ni wọ́n ń pè é, àpótí ìbò ni wọ́n wò dá a, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju kó máa rọ aráàlú pé kí wọ́n jáde wá dìbò. Ẹ fi "kun" ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀, ohun tí wọ́n máa ń fi kún orúkọ ọmọkùnrin ni. Meisui ńkọ́? Bí ẹ bá wá ìró yẹn nínú ìwé atúmọ̀ èdè, ẹ ó bá 名水 níbẹ̀, ìyẹn omi ìsun tó lókìkí. Ẹni tó ń ṣe àkójọ orúkọ á gbà á bẹ́ẹ̀, á kọ "omi tó mọ́ gaara" síwájú rẹ̀, á sì kọjá sí orúkọ tó kàn.

Omi kankan kò sí nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó ni Meisui-kun ń ṣiṣẹ́ kí ìdìbò tó mọ́, tí kò ní èrú nínú, lè máa gbilẹ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n gé orí wọn nínú orúkọ ẹgbẹ́ náà: 明, tó jẹ́ ti mímọ́lẹ̀, àti 推, tó jẹ́ ti títi nǹkan síwájú. Wọ́n lẹ̀ wọ́n pọ̀, ó di Meisui. Ibi tó dùn níbẹ̀ nìyí: nínú orúkọ ẹgbẹ́ náà lódindi, akarui ni wọ́n ń ka ọ̀rọ̀ tí 明 bẹ̀rẹ̀. Nínú ìgékúrú, mei ló di. Bí òbí bá sì fi àmì yẹn kan náà sọ ọmọ wọn lórúkọ, wọ́n lè kà á sí Akira.

Oríṣi àmì mẹ́ta ni wọ́n fi ń kọ̀wé ní Jàpáànù. Hiragana àti katakana kò gbé ju ìró lọ, gẹ́gẹ́ bí a-b-d tiwa. Kanji, tí wọ́n yá lọ́wọ́ àwọn ará Ṣáínà láyé àtijọ́, ló ń gbé ìtumọ̀, ẹyọ kan ṣoṣo sì lè ní ọ̀nà mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọ́n ń gbà kà á.

Ẹ wá padà sọ́dọ̀ Akira yẹn. Wọ́n lè fi 明 kọ ọ́, ká gbà pé ìmọ́lẹ̀ ni. Wọ́n lè fi 晶 kọ ọ́, èyí tó jẹ mọ́ òkúta dídán bíi dígí. Wọ́n lè fi 彰 kọ ọ́, ti kí nǹkan hàn sí gbangba. 昭 wà, 亮 wà, àwọn mìíràn ṣì kù. Akira méjì lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà ní ilé ìwé, kí tíṣà pe orúkọ wọn bákan náà, kí ìtumọ̀ má sì bára mu. Etí kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Àfi kí èèyàn béèrè pé, "Kanji wo ni?" Ìbéèrè tí àwọn ará Jàpáànù fúnra wọn ń bi ara wọn lójoojúmọ́ nìyẹn.

Bí ẹ bá rò pé mo ń sọ àsọdùn, ẹ wo ohun tí ìjọba wọn ṣe. Ìwé ìdílé kan wà tí wọ́n ń pè ní koseki, inú rẹ̀ ni ìbí, ìgbéyàwó àti ikú gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè náà wà. Títí di ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún ọdún 2025, àmì orúkọ nìkan ló wà nínú koseki, bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ náà kò sí níbẹ̀. Ìjọba mọ bí a ṣe ń kọ ọ́; ti pípè, òbí ló mọ̀ ọ́n. Àmì tí òbí lè lò ní ìwọ̀n: kanji 2,136 tí gbogbo aráàlú ń lò, àti 863 tí wọ́n fi kún un nítorí orúkọ, pẹ̀lú hiragana àti katakana. Ní ti bí wọ́n ṣe máa pè é, ọwọ́ òbí ṣí sílẹ̀ débi pé àwọn kan ń kọ kanji tí ẹnikẹ́ni kò lè kà láìjẹ́ pé wọ́n sọ fún un. Òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 26 yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé kí wọ́n kọ ìpè náà sílẹ̀, kó sì jẹ́ èyí tí àwùjọ lè gbà.

Àwọn òǹkọ̀wé manga, ìyẹn ìwé ìtàn tí wọ́n fi àwòrán sọ, ló wá da ọ̀rọ̀ rú mọ́ wa lójú, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Nínú Dragon Ball, ohun ọ̀gbìn ló kún inú orúkọ: Kakarot jáde láti ara kárọ́ọ̀tì, Raditz láti ara irúgbìn radish, orúkọ ẹ̀yà wọn, Saiya, sì ni yasai, ìyẹn ẹ̀fọ́, tí wọ́n yí padà. Katakana ni wọ́n fi kọ wọ́n, nítorí náà etí ló jàre níbẹ̀. Ẹni tó bá fi ibẹ̀ kọ́ ọgbọ́n, tó wá gbé e lọ sínú Death Note, á kọsẹ̀. Light, ọmọkùnrin inú ìtàn yẹn, ìmọ́lẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì ni etí gbọ́. Ojú tó bá rí i lórí ìwé, 月 ló rí, òṣùpá. Ichigo inú Bleach ńkọ́? Ó dún gẹ́lẹ́ bí orúkọ èso pupa tí wọ́n ń pè ní strawberry, wọ́n sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ìtàn náà. 一護 ni wọ́n kọ: ọ̀kan, àti ìdáàbòbò. Nítorí náà ẹni tó bá fín èso sí apá nítorí rẹ̀, kó máa bá a lọ, èso tó dára ni.

Ó tó, ká lọ sí ibùdó ìdìbò.

Ìwé ìbò ti ìdìbò gbogbogbò ní Jàpáànù kò dà bí tiwa. Kò sí àmì ẹgbẹ́ lórí rẹ̀, kò sí ibi tí wọ́n ń tẹ̀ka sí. Òfìfo ni. Pẹ́ńsùlù ni wọ́n máa fún èèyàn, á sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ ẹni tó fẹ́. Wọ́n á fi orúkọ àwọn olùdíje kọ́ síwájú rẹ̀ kó lè wò ó kọ. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò ṣeé kọ̀wé, òṣìṣẹ́ á bá a kọ ọ́. Afọ́jú lè fi ìwé afọ́jú dìbò, láti ìgbà òfin ọdún 1925 sì ni. Ní 1994, wọ́n ṣòfin pé kí wọ́n máa fi àmì sí orúkọ tí a ti tẹ̀ sílẹ̀ nínú ìdìbò ilé aṣojú, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó lò ó rárá ni wọ́n ti yí i padà. Pẹ́ńsùlù ni wọ́n ṣì ń lò.

Nítorí èyí ni ẹ fi máa rí pátákó ìpolongo tí idajì orúkọ wà ní kanji, tí idajì sì wà ní hiragana, tàbí tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ hiragana. Orúkọ tí bàbá àti ìyá fara balẹ̀ yan kanji rẹ̀, tí wọ́n ka iye ìlà inú rẹ̀ pàápàá kó má bàa mú oríburúkú wá, olùdíje á bọ́ ìtumọ̀ rẹ̀ kúrò bí ẹní bọ́ aṣọ, á fi ìró nìkan sílẹ̀. Kò fẹ́ kí olùdìbò dúró pẹ̀lú pẹ́ńsùlù lọ́wọ́, kó máa rò ó pé ṣé ìlà kan ló wà níbí tàbí méjì. Bí ìtumọ̀ bá wà nínú ìró ni, kò ní sí ohun tí olùdíje ń bọ́.

Òfin ìdìbò wọn sì ṣàánú olùdìbò. Bí ohun tí ẹ ní lọ́kàn bá ti yéni, ìbò yín dúró, ìbáà jẹ́ pé ẹ ṣi àmì kan kọ. Ẹ lè fi "san" tàbí ipò ẹni náà sí ẹ̀yìn orúkọ rẹ̀, nítorí ọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n bí inú yín bá dùn jù, tí ẹ wá kọ "ẹ ṣe gírí o" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tàbí tí ẹ ya àwòrán ọkàn síbẹ̀, ìbò yẹn ti bàjẹ́.

Ká ní Satō méjì ń díje ńkọ́, tí olùdìbò sì kọ Satō lásán? Wọn kì í dà á nù. Wọn á kọ́kọ́ ka ìbò tó dájú fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí Satō àkọ́kọ́ bá ní 6,000, tí ìkejì ní 4,000, tí ìwé 100 sì wà tí kò sọ èwo, àkọ́kọ́ á gba 60 nínú rẹ̀, ìkejì á gba 40. Àwọn nọ́ńbà gidi kì í ṣe wẹ́kú báyìí, ìdí nìyẹn tí èsì ìdìbò ibẹ̀ fi lè ní ìdá ẹgbẹ̀rún ìbò nínú. Ní ọdún 2021, ẹgbẹ́ òṣèlú méjì fi orúkọ kúkúrú kan náà, Minshutō, sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ìwé ìbò tó bá ní Minshutō nìkan lórí, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n pín in.

Orílẹ̀-èdè tó ń gé ìbò sí wẹ́wẹ́ kó má bàa ṣòfò, ẹ ó rò pé gbogbo èèyàn ibẹ̀ á máa sáré lọ dìbò. Rárá o. Ní ìdìbò ilé aṣòfin àgbà ti 2019, ìdá 48.80 nínú ọgọ́rùn-ún ló jáde. "Kí ni ìbò mi kan fẹ́ ṣe?" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé wa nìkan. Ìgbàgbọ́ kejì tí mo rò pé ó yẹ ká jù sẹ́yìn nìyẹn, àwa ọmọ Yorùbá sì ni ẹni ìkẹyìn tó yẹ kó máa sọ ọ́: ní Ọ̀ṣun lọ́dún 2018, ìbò 353 ló wà láàárín ẹni tó ṣíwájú àti ẹni tó tẹ̀ lé e ní ìdìbò gómìnà, lẹ́yìn tí wọ́n tún un dì ní àwọn ibùdó kan, ipò yí padà, ó sì di 482. Ní Jàpáànù, bí ìbò bá dọ́gba, kèké ni òfin ní kí wọ́n ṣẹ́.

Àwọn kan á dáhùn pé, "Ẹni tí mo dìbò fún kò wọlé, ìbò mi ti ṣòfò." Ẹ gbọ́ ti ọkùnrin kan tí wọ́n bí ní Finland, Martti Turunen. Ó di ọmọ Jàpáànù ní 1979, orúkọ rẹ̀ sì di Tsurunen Marutei. Nínú ìwé ìdílé, kanji 弦念丸呈 ló lò: okùn ọrun, èrò inú, róbótó, ká fa nǹkan kalẹ̀ fún ẹni. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ wá ìtumọ̀ sí ìyẹn! Ìró orúkọ bàbá rẹ̀ ló ń lé kiri, kanji kàn bá a gbé e ni.

Ó di ọmọ ìgbìmọ̀ ìlú kékeré kan, Yugawara, ní 1992. Lẹ́yìn náà ó díje fún ilé aṣòfin lẹ́ẹ̀kan, ó tún díje, kò wọlé. Ní oṣù keje ọdún 2001, ó tún gbé àpótí ìbò, lábẹ́ ètò tuntun kan tó jẹ́ kí olùdìbò lè kọ orúkọ ẹnì kan nínú àwọn tí ẹgbẹ́ fà kalẹ̀. Iye ìgbà tí wọ́n bá kọ orúkọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi ń to àwọn olùdíje. Kò tún wọlé, ṣùgbọ́n òun ló kàn lẹ́yìn àwọn tó wọlé nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, Ōhashi Kyosen, gbajúmọ̀ orí tẹlifíṣọ̀n tó wọlé lábẹ́ ẹgbẹ́ yẹn kan náà, kọ̀wé fi ipò sílẹ̀. Wọn kò tún ìdìbò ṣe. Wọ́n wo àtòjọ tí àwọn olùdìbò ti fi pẹ́ńsùlù tò sílẹ̀, wọ́n sì pe Tsurunen wọlé ní oṣù kejì ọdún 2002. Ó wà níbẹ̀ títí di 2013.