Èsì wa sí àgbéyẹ̀wò oníràwọ̀ méjì: «Pọ́ǹpù ti kú, mítà ṣì ń ka omi»

Oníbàárà wa, ẹ kú iṣẹ́ o. A dúpẹ́ tí ẹ fara balẹ̀ kọ ohun tí ojú yín rí, tí ẹ sì fi àwòrán tì í lẹ́yìn. Inú wa kò dùn sí ìràwọ̀ méjì, àmọ́ ẹ̀sùn yín ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, gbangba la ó sì ti dá a lóhùn, torí irú rẹ̀ lè dé bá ẹlòmíì tó fẹ́ rà á.

Ẹ ní pọ́ǹpù ti kú, síbẹ̀ nọ́ńbà ń fò sókè sódò lójú mítà oníná òòfà tí ẹ rà lọ́wọ́ wa láti fi wọn omi inú páìpù. Ẹ ní mítà ka lítà 2,160, nígbà tó jẹ́ pé 2,000 péré ló wọ táńkì. Ẹ tún ní fáàfù tó yẹ kó máa gba àṣẹ lọ́dọ̀ mítà kò dúró sójú kan. Ẹ wá parí rẹ̀ pé ayédèrú la tà fún yín, pé ẹ̀ bá ti ra mítà oní-turbine, èyí tí omi ń yí abẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀.

Àwòrán yín ló là wá lójú. Mítà wà lókè téńté, lára páìpù tó dùbúlẹ̀, kété tó kọjá mítà ni páìpù náà sì já wálẹ̀ sínú táńkì, tí ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀ lókè omi. Fáàfù ló ṣáájú, mítà ló tẹ̀lé e. Gbogbo ìgbà tí fáàfù bá ti tì, omi inú mítà á ṣàn lọ sínú táńkì, afẹ́fẹ́ á sì wọlé. Electrode méjì (irin kékeré tó ń gba iná lára omi) tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì inú rẹ̀ kò ní rí omi kankan fọwọ́ kàn mọ́. Ariwo iná, ìyẹn iná kéékèèké tó ń ti ara wáyà àti ẹ̀rọ láyìíká wá, ni wọ́n ń gbé fún yín bíi pé omi ló ń kọjá.

Mítà oníná òòfà kì í wọn omi bí ẹni ń fi garawa pọn ọ́n. Òòfà ló fi ń ṣiṣẹ́: bí omi bá gba àárín òòfà kọjá, iná kékeré kan á jáde lára rẹ̀, electrode á gbà á, bí omi bá sì ṣe yára tó ni iná náà ṣe máa pọ̀ tó. (Michael Faraday fúnra rẹ̀ gbìyànjú irú rẹ̀ lọ́dún 1832 lórí odò Thames, níbi afárá Waterloo ní London, kò sì rí iye kan tó ṣe é gbára lé, nítorí náà kì í ṣe ẹ̀yin nìkan ni irú omi báyìí dà láàmú.) Ìyára nìkan ni mítà mọ̀. Láti ara ìyára ló ti ń ṣírò lítà, bí ihò páìpù ṣe fẹ̀ tó ló sì fi ń ṣe ìṣirò náà, ó ti gbà pé omi kún ihò náà bámúbámú. Páìpù yín jẹ́ mìlímítà 50. Bí omi bá ń sáré sẹ̀ńtímítà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan nínú rẹ̀, lítà 1.96 ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ká ní afẹ́fẹ́ wá gba nǹkan bí ìdá méje ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún lókè ihò yẹn, 1.96 náà ni mítà á ṣì kà, ṣùgbọ́n omi tó kọjá kò ju 1.8 àti díẹ̀ lọ. Bí ẹ bá bi wá, afẹ́fẹ́ ni lítà 160 tí ẹ̀ ń wá.

Ẹ yọ mítà kúrò níbẹ̀. Ara páìpù tó dúró lóòró, tí omi ti ń gòkè, ló dára jù fún un. Bí kò bá sí àyè, ẹ jẹ́ kí páìpù wálẹ̀ díẹ̀ kó tó tún gòkè lọ sí táńkì, kí ẹ sì fi mítà sí ìsàlẹ̀ yẹn, níbi tí omi kò ti ní lè fi í sílẹ̀. Kí fáàfù wà lẹ́yìn mítà, kó má ṣáájú rẹ̀. Kí páìpù tó ṣáájú mítà gùn gbọọrọ láìyí, ó kéré tán ìlọ́po márùn-ún ìbú rẹ̀, èyí tó jẹ́ mìlímítà 250 fún tiyín, àti ìlọ́po méjì lẹ́yìn rẹ̀. Ohun kan tún wà tí ẹ kò mẹ́nu bà: páìpù yín jẹ́ ti rọ́bà, wáyà ẹ́ẹ̀tì ara mítà sì rọ̀ dirodiro nínú àwòrán, kò so mọ́ nǹkan kan. Rọ́bà kì í gbé iná, nítorí náà omi kò ní ibi tó ti lè kan ilẹ̀. Òrùka irin pẹlẹbẹ ni wọ́n ń fi sáàárín mítà àti páìpù ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, wáyà yẹn á sì so mọ́ wọn. Ẹ má fojú kékeré wò ó.

Ní ti fáàfù, ẹ kọ ọ́ fúnra yín pé ẹ gbé damping (ètò inú mítà tí kì í jẹ́ kí nọ́ńbà rẹ̀ tètè yí padà) lọ sí ìṣẹ́jú àáyá 30 kí nọ́ńbà lè jókòó. Ó jókòó lóòótọ́, àmọ́ ìròyìn tó ti pẹ́ ni fáàfù ń gbọ́. Omi ti pọ̀ jù, mítà ò tíì sọ. Ìgbà tó máa sọ, fáàfù á tì jù. Omi á dín, mítà ò tún tíì sọ, fáàfù á ṣí jù. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa lé ara wọn kiri. Tí páìpù bá ti kún, ẹ dá damping padà sí ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì.

Mítà oní-turbine kọ́ ni ọ̀nà àbáyọ. Afẹ́fẹ́ tó ń kó yín lọ́kàn sókè níbí á mú kí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ yí kọjá agbára, ó sì lè ba bíárìn rẹ̀ jẹ́. Páìpù gbọọrọ tó ń fẹ́ ṣáájú rẹ̀ tún ju ti mítà yìí lọ, nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá ìbú páìpù. Ibi tí a ti máa ń sọ fún èèyàn pé kó má ra mítà oníná òòfà ni ti dísẹ́ẹ̀lì àtàwọn epo mìíràn, torí epo kì í gbé iná. Omi ni tiyín.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé e síbi tó yẹ, ẹ jẹ́ kí omi kún páìpù, kí ẹ pa pọ́ǹpù, kí ẹ sì ti fáàfù: òdo ni mítà gbọ́dọ̀ kà. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí lítà 2,000 gba inú mítà wọ táńkì. Ìyàtọ̀ tí mítà yìí lè fà kò yẹ kó ju lítà 10 lọ, yàtọ̀ sí èyí tí ọ̀pá tí ẹ fi ń wọn omi inú táńkì bá fà. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fi nọ́ńbà tó wà lára mítà àti àwòrán tuntun ránṣẹ́ sí wa níkọ̀kọ̀. A ó gbà á padà fún ìdánwò lówó ara wa, bó bá sì jẹ́ pé mítà ló bàjẹ́, a ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.