Tí A Bá Fi Ọwọ́ Ọ̀tún Bá Ọmọ Wí

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, bàbá kan ní àdúgbò wa ti ọmọ rẹ̀ mọ́ta. Kí lọmọ ṣe? Ó lọ kí ìyá rẹ̀ tí bàbá ti lé lọ. Mo bá a nídìí géètì, ó gbé báàgì ìwé lé orúnkún, kò sunkún, kò sọ̀rọ̀.

Tí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi tòsì fà á mọ́ra. Ọwọ́ òsì ọ̀pọ̀ bàbá ti rọ.

Gaston Fébus, ìjòyè ilẹ̀ Faransé tó ṣe olórí Foix àti Béarn láti 1343 di 1391, ni mo rántí. Olówó ni, jagunjagun ni, ó tún mọ̀wé. Nínú ìwé ọdẹ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1387, ó kọ́ni bí a ṣe ń tọ́jú ajá tó ń ṣàìsàn. Ajá o!

Ní 1349 ó fẹ́ Agnès, àbúrò Charles ọba Navarre. Nílẹ̀ tiwọn nígbà náà, ilé ìyàwó ló ń kówó wá fún ọkọ, owó yìí kò sì pé. Agnès ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ọkùnrin ní 1362 ni ọkọ rẹ̀ lé e. Erin méjì ń jà, koríko ni ọmọ yẹn.

Froissart, òǹkọ̀wé ìtàn ìgbà náà tó ṣe àlejò Gaston ní 1388, kọ ọ́ pé ọmọ náà lọ wo ìyá rẹ̀ ní Navarre, ni ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ bá fún un ní àgúnmu kan nínú àpò kékeré: kó bù ú sóúnjẹ bàbá, ìfẹ́ ìyá á padà sọ́kàn rẹ̀. Ọmọ gbà á gbọ́. Bàbá rí àpò náà lọ́rùn rẹ̀, ó bù ú fún ajá, ajá kú. Ó ti ọmọ mọ́ yàrá òkùnkùn ní ààfin rẹ̀ ní Orthez. Ọmọ kò jẹun mọ́. Bàbá wọlé tọ̀ ọ́ pẹ̀lú ìbínú, ọ̀bẹ kékeré tó fi ń gé èékánná lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀bẹ gún ọmọ lọ́rùn. Ọmọ kan ṣoṣo tí ìyàwó bí fún un kú ní 1380.

Yvain, ọmọ tí àlè bí fún un, jóná níbi ijó kan ní Paris ní 1393. Mathieu, ìbátan tó jìnnà, ló jogún gbogbo ilẹ̀ náà.

Ẹ̀yin bàbá tí ẹ ń fi ọmọ gba ẹ̀san lára ìyá rẹ̀, ojú kò tì yín? Ta ló ní kí ọmọ má mọ ọ̀nà ilé ìyá tó bí i? Ilẹ̀ ti ṣú. Ẹ dìde, ẹ ṣí géètì yẹn.