Wọ́n Ń Sá Ata Sórí Sàréè Sójà

Sátidé tó kọjá ni mo dé ilé àwọn bàbá wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, mo bá ṣọ̀ǹbọ̀ tí wọ́n sá sórí sàréè bàbá àgbà. Jẹnẹrétọ̀ sì wà ní ìhà ẹsẹ̀ rẹ̀. Kì í ṣe ata ló dùn mí o. Sàréè fàráńdà ilé ni, láti kékeré la ti ń jókòó lé e jẹun. Ohun tó dùn mí ni ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, tí kò sí orúkọ rẹ̀: "Sùn re o, bàbá rere." Bàbá rere mélòó ló wà ní Òṣogbo? Kò sí sàréè kan ládùúgbò yẹn tí bàbá rere ò sí nínú rẹ̀!

Bàbá yìí lọ sí Bọ́mà, tí wọ́n ń pè ní Myanmar báyìí, nígbà ogun Hítílà. Rélùwéè gbé e láti Òṣogbo dé Èkó, ọkọ̀ ojú omi gbé e lọ sí Íńdíà. Ó wà lára àwọn sójà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó la àfonífojì Kaladan kọjá ní 1944. Kò sí títì níbẹ̀. Orí ni wọ́n fi ru ẹrù ogun wọn, ọkọ̀ òfuurufú ló sì ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn.

Ó gba mẹ́dàlì bọ̀. Ẹ má pè é ní Burma Star o, ìyẹn kì í ṣe ti akọni nìkan, ẹni tó bá ṣáà ti jagun níbẹ̀ ní in. Military Medal, tí wọ́n máa ń fún sójà akọni nígbà náà, ni ti bàbá. Fàdákà ni, orí ọba George wà lára rẹ̀, wọ́n sì tẹ nọ́ńbà àti orúkọ sójà sí etí rẹ̀. Àǹtí wa àgbà tọ́jú rẹ̀ sínú agolo Bournvita pẹ̀lú bọ́tìnnì àti abẹ́rẹ́. Òyìnbó fo lẹ́tà kan nínú orúkọ náà, àmọ́ ó kọ ọ́. Tí a bá bi bàbá ohun tó ṣe tí wọ́n fi fún un, á ní òun kàn padà lọ gbé ọ̀rẹ́ òun ni. Á sì ní ká bu omi wá.

Ní 1923, Guggisberg, gómìnà òyìnbó ní Gold Coast, tó di Ghana báyìí, sọ pé ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀ ò lè mọ rírì òkúta orí sàréè. Irú èrò bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n pa orúkọ ọ̀pọ̀ adúláwọ̀ tó kú nínú Ogun Àgbáyé Kìíní tì. Àjọ tó ń bójú tó sàréè àwọn sójà náà jẹ́wọ́ ní 2021, ó tọrọ àforíjì: ó kéré tán, 116,000 èèyàn, pàápàá àwọn ará Íjíbítì àti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Nígbà tí mo kà á, mo bú gómìnà náà dáadáa. Àwa tí à ń sin àgbà sínú ilé kó má bàa jìnnà sí wa!

Ata yẹn ni ò jẹ́ kí n bú u tán.

Ní Taukkyan ní Bọ́mà, wọ́n kọ orúkọ nǹkan bí 27,000 sójà tí a ò rí sàréè wọn sára òpó òkúta, adúláwọ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tó sọnù sínú igbó lórúkọ lára òkúta. Ẹni tó padà wálé, tó sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ọmọ rẹ̀, ó di "bàbá rere". Ìjọba ń gbé òdòdó lélẹ̀, wọ́n ń tú ẹyẹlé sílẹ̀ lọ́jọ́ 15 oṣù Ṣẹẹrẹ lọ́dọọdún. Mi ò retí wọn ní fàráńdà wa. Àwa ọmọ ló kù sí lọ́wọ́.

Mo gbé e sórí WhatsApp ẹbí pé ká kọ orúkọ bàbá sórí sàréè rẹ̀. Dádì Kékeré ní, "Ata yẹn dí ẹ lọ́wọ́ ni?" Àwọn méjì fi owó ránṣẹ́. Ẹni tó ń gbẹ́ mábù ní iye lẹ́tà lòun ń gbowó lé. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà báyìí ni pé ṣé bí òyìnbó ṣe kọ orúkọ la máa kọ ọ́, kó lè bá mẹ́dàlì mu, àbí bí ìyá rẹ̀ ṣe sọ ọ́. Àǹtí àgbà ti fún wa lésì: lẹ́tà tó fò kọ́ ló bí òun.