Àdùnní nìkan kọ́ ló ṣe ère igbó Ọ̀ṣun

Ẹ lọ sí igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo lásìkò ọdún, ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń ya fọ́tò: "Òyìnbó obìnrin kan ló ṣe gbogbo èyí." Àwọn mìíràn á tún bù mọ́ ọn, bí ẹni pé igi àti ọ̀bọ nìkan ló wà níbẹ̀ kí Susanne Wenger, òyìnbó tí wọ́n ń pè ní Àdùnní, tó dé.

Irọ́ ni.

Ìlú Graz ní Austria ni wọ́n ti bí Wenger lọ́dún 1915. Ọdún 1950 ló tó tẹ Nàìjíríà. Ta ni kò mọ ìtàn Láròóyè àti Tìmẹ́hìn tó tẹ Òṣogbo dó, tí igi tí wọ́n gé wó sínú odò, tí ohùn kan sì ké jáde pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun tán? Ọ̀ṣun ti ń gba ẹbọ níbẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá ńlá Wenger. Ẹ̀kọ́ ni obìnrin náà wá kọ́: Àjàgẹmọ, àwòrò Ọbàtálá ní Ẹdẹ, ló mú un wọ inú ẹ̀sìn òrìṣà. Nígbà tó dé Òṣogbo, ojúbọ tó ti ń wó ni wọ́n pè é kó wá bá wọn tún ṣe.

Ta ló wá bá a tún un ṣe? Ibí yìí gan-an ló ń dùn mí. Adébísí Àkànjí, bíríkìlà ni. Òun ló fi sìmẹ́ǹtì ṣe ọ̀pọ̀ nínú àwọn ògiri tó ń yí bí ejò, tí ère so mọ́ lára. Kasali Àkàngbé, agbẹ́gilére, ló ni àwọn ère igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí ojú wọn gùn. Buraimoh Gbadamosi ló ń gbẹ́ òkúta: àwọn ère kúkúrú olójú ribiti tó ń wo èèyàn bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Sàká Àrẹ̀mú náà wà níbẹ̀. Ẹ kíyè sí àwọn orúkọ yẹn, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ti Mùsùlùmí, síbẹ̀ ilé òrìṣà ni wọ́n ń kọ́. Wenger fúnra rẹ̀ kì í fi wọ́n pamọ́; àwa tí a ń sọ ìtàn la pa orúkọ wọn rẹ́.

N ò ní kí ẹ gba ẹ̀tọ́ Àdùnní lọ́wọ́ rẹ̀ o. Nígbà tí wọ́n ń gé igi, tí àwọn kan ń fi ojú ọjà wo ilẹ̀ igbó náà, ó dúró gbọin-in. Ọdún 1965 ni ìjọba sọ ibẹ̀ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè, UNESCO, àjọ àgbáyé fún ẹ̀kọ́ àti àṣà, sì gbà á wọlé sára ohun ìní àgbáyé lọ́dún 2005. Òṣogbo ló kú sí ní oṣù kìíní ọdún 2009, lẹ́ni ọdún 93.

Bí ẹ bá tún débẹ̀, tí ère kan bá ranjú mọ́ yín, ẹ bi ẹni tó ń mú yín káàkiri pé ọwọ́ ta ló gbẹ́ ẹ. Bó bá ní "òyìnbó" ni, ẹ bi í nípa Buraimoh.