Oko Ni Ó Ń Gbé Ìpínlẹ̀ Benue Ró

Ọ̀pọ̀ nínú àwa Yorùbá tí a ń gbé ní Àbújá ni a ń fi iṣu Benue gún iyán, tí a sì ń fi se àsáró, láìbèèrè bí iṣu náà ṣe dé ọjà tí a ti rà á. Èrò ọkàn mi ni pé ó yẹ kí a bèèrè, nítorí pé nígbàkígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ètò ọrọ̀-ajé ìpínlẹ̀ náà, owó tí ìjọba àpapọ̀ ń pín lóṣooṣù ni ó máa ń gba ẹnu wọn kan. N kò kóyán owó náà kéré, torí òun ni wọ́n fi ń san owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba. Ṣùgbọ́n ní ìpínlẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1976 yìí, àwọn tí kò gba owó oṣù lọ́wọ́ ìjọba ni ó pọ̀ jù, oko ni wọ́n sì fi ń rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé.

Ẹ wo ọjà iṣu Zaki Biam ní ìjọba ìbílẹ̀ Ukum, ọ̀kan lára àwọn ọjà iṣu tí ó tóbi jù lọ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Kí iṣu kan láti ibẹ̀ tó di iyán ní Àbújá, ẹni tí ó kọ ebè ti gba owó iṣẹ́ rẹ̀, ẹni tí ó ta èbù ti jèrè, alábàárù ti gba tirẹ̀, àwọn géńdé tí ó ń fi sùúrù to iṣu sínú ọkọ̀ kí ara rẹ̀ má baà bó (iṣu tí ara rẹ̀ bá ti bó kì í pẹ́ jẹrà) náà ti gbowó, bẹ́ẹ̀ sì ni awakọ̀, ẹni tí ó ń lẹ táyà, àti obìnrin tí ó ń se oúnjẹ tà fún gbogbo wọn lẹ́bàá títì láti Makurdi dé Lafia, títí dé Keffi. N kò rí iléeṣẹ́ kankan ní ìpínlẹ̀ náà tí ó lè bọ́ irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ pọ̀ tó báyìí.

Ohun tí ó ń dùn mí ni pé púpọ̀ nínú èrè náà ni ó ń bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Tútù ni ọsàn ń jáde kúrò níbẹ̀, ẹ̀wà sóyà àti yànmọ̀tí sì ń jáde nínú àpò bí wọ́n ṣe kó wọn lóko. Ẹni tí ó fún epo sóyà tàbí tí ó rọ omi ọsàn sínú páálí níbòmíràn ni ó ń jẹ èrè tí ó sanra. Ọsàn tí kò bá sì tètè rí ọkọ̀, abẹ́ igi ni yóò jẹrà sí.

Èyí tí ó wá burú jù ni ti ààbò. Ìpínlẹ̀ náà ṣe òfin tí ó ka dída ẹran jẹ̀ káàkiri léèwọ̀ ní 2017, síbẹ̀ a ṣì ń gbọ́ pé wọ́n pa àgbẹ̀ ní Guma, ní Logo àti ní Agatu, àwọn tí orí kó yọ sì di ẹni tí ó ń gbé inú àgọ́. Yàtọ̀ sí ẹ̀mí tí ó ń ṣòfò, èyí tí kò sí owó tí ó lè dí i, ẹni tí ó wà ní àgọ́ kò lè kọ ebè, kò sì ní èbù tí yóò gbìn lọ́dún tí ń bọ̀, nítorí ó ti fi àká rẹ̀ sílẹ̀ sá lọ.

Àwọn kan gbà pé kí ìjọba ṣáà ra katakata púpọ̀ sí i. Katakata dára, ṣùgbọ́n kí ni yóò ṣe fún ẹni tí kò lè dé oko rẹ̀, tàbí ẹni tí ojú ọ̀nà oko rẹ̀ ti di ẹrọ̀fọ̀ nígbà tí iṣu tuntun bá jáde? Ohun tí mo ń bẹ ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti àpapọ̀ fún ni pé kí wọ́n dá àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí padà sórí ilẹ̀ wọn pẹ̀lú ààbò tí ó dájú, kí wọ́n sì tún ọ̀nà oko ṣe, kí wọ́n tó na kọ́bọ̀ kan sórí ètò iṣẹ́ àgbẹ̀ mìíràn.