Hiroshima kì í ṣe ìlú téèyàn ń yà fún wákàtí mẹ́ta

Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí pé ìlú wo ló yẹ kí ẹ fi kún Tokyo àti Kyoto tí ẹ bá dé Jàpáànù, Hiroshima ni mo máa sọ, mi ò sì ní yí i padà. Àmọ́ mo bẹ̀ yín, ẹ má lọ síbẹ̀ bí ọ̀pọ̀ àlejò ṣe ń lọ. Wọ́n á wọ Shinkansen, ọkọ̀ ojú irin tó ń sáré gan-an, láti Osaka láàárọ̀, ìrìn bíi wákàtí kan àbọ̀, wọ́n á sáré dé ibi tí àdó olóró tí Amẹ́ríkà jù nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ti bú, wọ́n á ya fọ́tò ilé tó wó, wọ́n á nu omijé nù, kó tó di ìrọ̀lẹ́ wọ́n ti padà sínú ọkọ̀. Ó máa ń dùn mí. Ìlú tí èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan ń gbé, tí wọ́n ń ná ọjà, tí wọ́n ń tọ́mọ, tí wọ́n ń ṣèyàwó, la wá ń ṣe bí ẹni pé itẹ́ òkú ni.

Ọjọ́ mẹ́rin lèmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lò níbẹ̀ nínú oṣù kọkànlá. Alásè ni ẹ̀gbọ́n mi n'Ìbàdàn, ó ti lé lógún ọdún tí wọ́n ti ń gba iṣẹ́ oúnjẹ òde. Ibi tí a ti ń di ẹrù ni wọ́n ti sọ fún mi pé àwọn ò ní lè gbádùn oúnjẹ kankan ní ìlú yẹn. "Ilé ọ̀fọ̀ la fẹ́ lọ yìí. Ṣé èèyàn á lọ kí ẹni tọ́mọ kú fún, á tún máa yọjú sí ilé ìdáná?" Mi ò rí èsì fún wọn. Lọ́dọ̀ wa, òkú àgbà la máa ń pa màlúù fún. Tó bá jẹ́ ọmọdé ló kú, ẹkún ni, kò sẹ́ni tó ń ronú ọbẹ̀.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ fẹ́ dá wọn láre. Ọgbà àlàáfíà la kọ́kọ́ lọ. Ilé tí gbogbo ayé mọ̀ yẹn, Genbaku Dome, ọdún 1915 ni wọ́n kọ́ ọ fún ìpàtẹ ọjà, ará Czech kan tó ń jẹ́ Jan Letzel ló ya àwòrán rẹ̀. Bọ́ǹbù náà bú ní nǹkan bíi 600 mítà lókè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ orí ilé náà gan-an. Torí pé òkè ni agbára rẹ̀ ti wá, tí kò ti ẹ̀gbẹ́ wá, ni díẹ̀ nínú ògiri rẹ̀ fi dúró. Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, láàárọ̀ ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 1945. Kí ọdún yẹn tó parí, nǹkan bíi 140,000 èèyàn ló ti kú. Àwọn ará Korea pọ̀ nínú wọn, òkúta ìrántí tiwọn náà wà nínú ọgbà yẹn. Ẹ dúró níwájú rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn ń kọjá láì wò ó.

Nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, 200 yen ni owó ìwọlé. Kẹ̀kẹ́ ọmọdé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan wà níbẹ̀ tó ti dípẹtà látòkè délẹ̀. Ọmọkùnrin kan, Shinichi Tetsutani, tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin, ló ń gùn ún níta ilé wọn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ló kú. Bàbá rẹ̀ ò lè gbé e lọ sí itẹ́ òkú tó jìnnà sílé, ó ní ó kéré jù láti dá wà. Àgbàlá ilé ló sin ín sí, ó sì sin kẹ̀kẹ́ náà tì í kó lè máa rí nǹkan fi ṣeré. Ogójì ọdún lẹ́yìn náà, ní 1985, ni bàbá yìí tó hú egungun ọmọ rẹ̀, tó kó o lọ sí ibojì ìdílé, tó sì kó kẹ̀kẹ́ fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ẹ̀gbọ́n mi dúró síbẹ̀ títí tí àwọn tó wà lẹ́yìn wa fi yà wá sílẹ̀. Wọn ò sọ ọ̀rọ̀ kankan títí a fi jáde.

Ìta ni igi kan wà tí wọ́n ń pè ní aogiri. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà kan àti díẹ̀ síbi tí bọ́ǹbù ti bú nígbà náà, ọdún 1973 ni wọ́n hú u wá sínú ọgbà. Ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí iná jó, ihò ló kù níbẹ̀ títí dòní, èèpo igi náà ṣẹ́ kọ etí ihò ọ̀hún bí ètè. Àmọ́ ẹ̀gbẹ́ kejì ń yọ ewé. Wọ́n ti sọ nígbà náà pé koríko kankan ò ní hù ní Hiroshima fún ọdún 75. Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ kan ọgbà tí wọ́n fi yí i ká, wọ́n ní, "Ebi ń pa mí." Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ sọ nìyẹn.

Ibi tí wọ́n ń pè ní Okonomimura ni mo mú wọn lọ. Ilé alájà púpọ̀ kan ni láàárín ìlú, ìsọ̀ oúnjẹ tó lé ní ogún ló wà nínú rẹ̀, okonomiyaki sì ni gbogbo wọn ń tà. Iwájú irin pẹlẹbẹ gbígbóná la jókòó sí, ìyá àgbà kan ló ń sè lódì kejì.

Mo fẹ́ sọ bó ṣe ṣe é, torí inú iṣẹ́ ọwọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ mi wà. Ó bu ìgbákọ fùláwà pípò kan, ó dà á sórí irin, ó fi ẹ̀yìn ìgbákọ ra á káàkiri títí tó fi fẹ́lẹ́ bí aṣọ. Ó bu ìyẹ̀fun ẹja gbígbẹ wọ́n ọn. Òórùn yẹn kò pẹ́ kó tó dé imú ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n gún mi nígbùn-únwọ́. Lẹ́yìn náà ló bu kábéèjì tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ lé e, ó bu, ó bu, títí tó fi ga bí ebè iṣu. Ẹ̀wà tó ti hù lé e lórí, èérún fùláwà díndín lé e, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ pẹlẹbẹ mẹ́ta bo gbogbo rẹ̀. Ó wá ki ṣíbí irin méjì bọ abẹ́ rẹ̀, ó sì dojú rẹ̀ dé. Kò sáré, kò sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó fi í sílẹ̀ kí ooru fúnra rẹ̀ ṣiṣẹ́, ebè ọ̀hún sì ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí kábéèjì ṣe ń rọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ti ń dín soba, tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ bí índómì. Ó gbé eléyìí lé tọ̀hún, ó fọ́ ẹyin kan sórí irin, ó tẹ́ ẹ, ó gbé gbogbo rẹ̀ lé ẹyin náà, ó tún dojú rẹ̀ dé. Ọbẹ̀ dúdú kan tó ki tó sì dùn ló fi kùn ún lójú. Ṣíbí irin kékeré tí wọ́n ń pè ní hera la fi gé e jẹ lórí irin níbẹ̀, a ò bù ú sínú àwo.

Ní Osaka, ńṣe ni wọ́n máa ń po gbogbo rẹ̀ pọ̀ kó tó dórí irin. Mo jẹ ẹ́ níbẹ̀ náà, ó dáa, ṣùgbọ́n mi ò ní fi wé ti Hiroshima láé. Ẹ má sì pè é ní "Hiroshima-yaki" níwájú ọmọ ìlú o. Okonomiyaki ni tiwọn ń jẹ́, wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ di ẹ̀ka oúnjẹ ibòmíì.

Ibẹ̀ ni mo ti sọ ìtàn rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi. Kí ogun tó dé, ìpápánu ọmọdé lásán ni, fùláwà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pẹ̀lú àlùbọ́sà eléwé, owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń rà á. Lẹ́yìn bọ́ǹbù, kò sí ìrẹsì. Fùláwà ló ń wá láti Amẹ́ríkà. Àwọn obìnrin tí ọkọ wọn ti kú ṣí iwájú ilé wọn, wọ́n gbé irin kaná, wọ́n ń ta ohun tọ́wọ́ wọn bá bà. Kábéèjì ò wọ́n, ó sì ń yóni, bó ṣe di òkìtì nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ló ń jẹ́ orúkọ tó parí sí "chan", bí ìgbà téèyàn ń pe ọmọ ní orúkọ ìkẹ́, nítorí orúkọ ara wọn ni àwọn obìnrin náà fi sọ ìsọ̀ wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé hera sílẹ̀. "Opó ló ṣe oúnjẹ yìí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Wọ́n ní, "Ṣé o rí i, tí opó bá gbé igbá ọjà kalẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ kí i gbọ́dọ̀ rà lọ́wọ́ ẹ̀. Bí a bá sunkún níbẹ̀ yẹn tán, tí a ò wá jẹun níbí, kí la wá kí?" Ohun tí mo ti ń wá láti sọ fún wọn láti Ìbàdàn nìyẹn, àwọn fúnra wọn ni wọ́n sì sọ ọ́. Mo gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Ẹni tó bá dé Hiroshima tó wo ilé ìṣẹ̀ǹbáyé nìkan, ikú ìlú yẹn ló kí, kò tíì kí àwọn tó kù.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹ lè sọ pé "buta nuki de", ìyẹn ni pé kí wọ́n yọ ẹlẹ́dẹ̀ kúrò. Wọ́n á fi ẹja tàbí edé rọ́pò rẹ̀ ní ibi púpọ̀. Ṣùgbọ́n orí irin kan náà ni wọ́n ti ń dín ti gbogbo èèyàn, kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó jókòó.

Tí ata bá ń pè yín, ẹ jẹ oúnjẹ tó dà bí índómì tí wọ́n ń pè ní tantanmen tí kò lómi, tàbí tsukemen ti Hiroshima, tí wọ́n ń ki bọ inú ọbẹ̀ ata pupa. Àwọn ìsọ̀ mìíràn á bi yín pé báwo ni ata ṣe máa pọ̀ tó. Ẹ sọ òótọ́ fún wọn.

Tíráàmù ni kí ẹ máa wọ̀ káàkiri. Kì í ṣe torí pé ó rọrùn nìkan. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ ọdún 1945, ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ́yìn bọ́ǹbù, wọ́n ti tún apá kan ojú irin náà ṣe, ọkọ̀ sì ti ń rìn lórí rẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin ilé ẹ̀kọ́ wà lára àwọn tó ń wa tíráàmù nígbà ogun, torí ojú ogun làwọn ọkùnrin wà. Ọkọ̀ tó ní nọ́ńbà 651 àti 652 rí ọjọ́ náà, wọ́n sì ń gbérò láàárín ìlú títí di àkókò tiwa yìí. Fìlà pupa tí ẹ máa rí lórí tọmọdé tàgbà, ti Carp ni, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù béésìbọ́ọ̀lù ìlú náà. Ní 1951, owó tán lọ́wọ́ ẹgbẹ́ yìí, àwọn ará ìlú tí wọn ò tíì rí ilé gidi gbé sì ń ju owó wẹ́wẹ́ sínú àgbá kí ẹgbẹ́ wọn má bàa tú ká.

Odidi ọjọ́ kan ni kí ẹ fún erékùṣù Miyajima. Ọkọ̀ ojú omi á gbé yín débẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, owó orí 100 yen sì wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì. Ojúbọ Itsukushima tó wà lórí omi níbẹ̀, òòṣà obìnrin mẹ́ta tó ni òkun ni wọ́n ń bọ níbẹ̀. Láyé àtijọ́, ilẹ̀ erékùṣù náà mọ́ débi pé aboyún ò gbọ́dọ̀ bímọ síbẹ̀, olókùnrùn ò sì gbọ́dọ̀ kú síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Taira no Kiyomori, olórí jagunjagun kan, fi kọ́ ọ sórí omi ní 1168. Ẹnubodè pupa ńlá tó dúró nínú òkun, ti ìsinsìnyí ti wà láti 1875. Ó ga tó mítà 16, wọn ò ri í mọ́lẹ̀ rárá, ìwúwo ara rẹ̀ ló mú un dúró. Ẹ wo àkókò tí òkun ń fà kí ẹ tó lọ. Ìgbà tí omi fà la débẹ̀, a fẹsẹ̀ rìn nínú ẹrẹ̀ títí dé ìdí òpó. Àwọn ìkarawun kéékèèké lẹ̀ mọ́ igi náà níbi tí omi máa ń mù dé. Nígbà tí omi padà dé, àwọn èrò ti ń lọ sílé, erékùṣù ti dákẹ́. Ìgbà yẹn ló rẹwà jù, àwọn tó kánjú ò sì rí i.

A jẹ ọ́sítà sísun níbẹ̀. Àgbègbè Hiroshima ló ń pèsè èyí tó ju ìdajì ọ́sítà gbogbo Jàpáànù lọ, òtútù sì ni àsìkò rẹ̀. Wọ́n gbé e sórí iná pẹ̀lú ìkarawun rẹ̀, ó ń hó nínú omi ara rẹ̀, ọsàn wẹ́wẹ́ la fún sí i. Momiji manju ni àkàrà òyìnbó tí wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ ewé igi tó ń pọ́n lórí òkè níbẹ̀, ẹ̀wà pupa tí wọ́n fi ṣúgà sè ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi mọ mọ́ínmọ́ín, wọ́n mọ ẹ̀kuru, wọ́n mọ gbẹ̀gìrì, ẹ̀wà oníṣúgà ò wọ̀ wọ́n lára. Ìgbà tí wọ́n rí èyí tí wọ́n dín nínú òróró, tó ṣì gbóná lórí igi, ni wọ́n jẹ méjì.

Ní alẹ́ tó kẹ́yìn, a padà sí ọ̀dọ̀ ìyá àgbà wa. Ó dá ẹ̀gbọ́n mi mọ̀. Bó ṣe kan ibi kí wọ́n dojú okonomiyaki dé, ó ti ṣíbí irin méjèèjì sí wọn. Ẹ̀gbọ́n mi dìde, wọ́n ká ọwọ́ aṣọ wọn sókè, wọ́n sì dojú rẹ̀ dé. Kábéèjì díẹ̀ tú jáde ní ẹ̀gbẹ́. Ìyá náà na ọwọ́ kọjá, ó fi ṣíbí kó o padà sábẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì, ó sì fi sílẹ̀ kó jiná.