Téèpù olówó gọbọi kọ́ ló ń dá ọ̀dà dúró lára mọ́dẹ́lì bàálù

Ẹni tó bá ń kun mọ́dẹ́lì bàálù, bàálù kékeré oníke tí a ń tò fúnra wa, á ti rí i rí: ẹ fi téèpù bo ibi tí àwọ̀ tuntun kò gbọdọ̀ kàn, ẹ kùn ún tán, ẹ bó téèpù, ẹ ń retí ìlà tó gún régé, àfi bí ọ̀dà dúdú ṣe ti yọ́ wọ inú funfun, tí etí ìlà náà rí ṣágiṣàgi. Téèpù la máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Wọ́n á ní èyí tí ẹ rà kò lẹ̀ dáadáa, kí ẹ lọ ra èyí tó wọ́n jù ú lọ. Ìgbàgbọ́ yìí rinlẹ̀ débi pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ á ti ní oríṣi téèpù mẹ́rin márùn-ún nínú àpótí kó tó ní kọ̀ńpírẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ tí a fi ń fín ọ̀dà, tó ní gééjì. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

Ohun mẹ́ta ló ń fa ọ̀pọ̀ jù lọ ìjò abẹ́ téèpù. Ojú ibi tí a lẹ téèpù mọ́ kò tẹ́jú. Ọ̀dà ṣì tutù jù nígbà tó dé etí téèpù. A kò sì dí etí téèpù náà kí a tó fín àwọ̀ tuntun sí i. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló burú jù, kò sì sí iye tí a lè ná lórí téèpù tó máa yanjú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fún téèpù ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ ná. Téèpù tí àwọn akunlé ń lò kò dára fún iṣẹ́ yìí rárá: ó nípọn, ara rẹ̀ hunjọ, ibi tó hunjọ yẹn kì í sì kan ike. Téèpù bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń pè ní washi ló yẹ, irú èyí tí ilé iṣẹ́ Tamiya ń tà ní fífẹ̀ mílímítà 6, 10, 18 àti 40. Bí ẹ bá ti ní irú bébà fẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀, tí gọ́ọ̀mù rẹ̀ kò sì tíì gbó, téèpù ti ṣe ìpín tirẹ̀. Owó tí ẹ bá tún fi kún un lẹ́yìn ìyẹn, orúkọ ilé iṣẹ́ lẹ fi ń rà.

Ẹ wá wo ara bàálù náà fúnra rẹ̀. Ìlà tóóró wà lára rẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ láti fi ṣàpẹẹrẹ ibi tí páànù bàálù gidi ti pàdé ara wọn, ihò wínníwínní sì wà tó dúró fún rífẹ́ẹ̀tì, ìṣó tó so páànù pọ̀. Nígbà tí téèpù bá gba orí irú ìlà bẹ́ẹ̀ kọjá, kì í sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló lẹ̀ mọ́, àárín wá ṣófo bíi gọ́tà tí wọ́n da pákó bò lórí. Nǹkan olómi kì í sì dúró de ẹni tó máa tì í kó tó wọ irú ihò bẹ́ẹ̀. Ṣe ló ń fa ara rẹ̀ wọlé, bí ihò náà bá sì ṣe tóóró tó ló ṣe ń fà á jìnnà tó. Ìdí nìyí tí gọ́ọ̀mù tó le jù kò fi wúlò níbẹ̀: orí òkè ni gọ́ọ̀mù ti ń ṣiṣẹ́, ìsàlẹ̀ ìlà sì ni ọ̀dà ń gbà. Ẹ yẹ ìjò tó wà lára iṣẹ́ yín tẹ́lẹ̀ wò, ẹ ó rí i pé ibi tí ìlà páànù ti gba abẹ́ téèpù kọjá ni ó pọ̀ sí.

Àṣìṣe yìí kì í ṣe kékeré lójú ẹni tó bá mọ bàálù. Lára mọ́dẹ́lì ìwọ̀n 1/48, ìjò ààbọ̀ mílímítà dúró fún mílímítà 24 lára bàálù gidi. Ní 1/72, ó di mílímítà 36.

Ojú tó rí ṣákaṣàka náà tún ń dá ọ̀nà sílẹ̀ fún ọ̀dà. Bí airbrush, ohun èlò tó ń fi afẹ́fẹ́ fín ọ̀dà, bá jìnnà jù, tàbí tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ le jù, ọ̀dà á ti gbẹ lófurufú kó tó balẹ̀, á wá dà wóyẹ́wóyẹ́ sára ike. Ọ̀dà tí kì í dán náà rí bẹ́ẹ̀ dé àyè kan. Orí àwọn gegele kéékèèké yẹn ni téèpù máa lẹ̀ mọ́, ìsàlẹ̀ á ṣófo. Bí ẹ bá fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án tó rí háríhárí, ẹ má tíì gbé téèpù. Ẹ fi sáńdípépà 2000 tàbí 3000 olómi ra á fẹ́rẹ́, tàbí kí ẹ fín fánìṣì dídán sí i kó tẹ́jú kó tó gbẹ.

Téèpù pàápàá nílò ìtọ́jú díẹ̀, nítorí etí tó ti ilé iṣẹ́ wá máa ń gba eruku àti ìkọlù nínú àpótí. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì tó mọ́, ẹ fi rúlà onírin àti abẹ tuntun gé mílímítà kan kúrò ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ bàálù. Lẹ́yìn náà, ẹ fi orí igi ìtayín tí ẹ ti fi sáńdípépà ra kó rí róbótó tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọ̀ téèpù máa ń dúdú díẹ̀ níbi tó bá ti kan ojú ọ̀dà dáadáa; ibi tó bá ṣì funfun díẹ̀, atẹ́gùn ló wà lábẹ́ rẹ̀. Fún ibi tó tẹ̀ kọrọdọ, ẹ lo èyí tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 1 tàbí 2, kó lè tẹ̀ lé ìlà láì ká. Téèpù oníke tó ń nà yá láti tẹ̀, àmọ́ bí ẹ bá nà án nígbà tí ẹ ń lẹ̀ ẹ́, á rọra sún padà, etí rẹ̀ á sì ṣí. Ẹ tò ó sílẹ̀, ẹ má fà á.

Ní báyìí, dídí etí téèpù, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò. Òfin rẹ̀ kò gùn: àwọ̀ tó wà lábẹ́ téèpù ni kí ẹ kọ́kọ́ fín sí etí téèpù náà. Bí funfun bá wà lábẹ́ téèpù, tí dúdú sì ń bọ̀ lórí, ẹ tún fín funfun fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì sí etí téèpù, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ tó mú dúdú. Bí ihò bá wà lábẹ́ téèpù, funfun ló máa wọ̀ ọ́, á sì dí i. Funfun lórí funfun, ta ló máa rí i? Nígbà tí dúdú bá dé, kò ní rí ọ̀nà gbà mọ́. Bí ohun tó wà lábẹ́ téèpù bá ju àwọ̀ kan lọ, bí i bàálù ológun aláwọ̀ ewé àti ilẹ̀, ẹ lo fánìṣì tí kò ní àwọ̀ dípò. Fẹ́lẹ́ ni o. Bí fánìṣì bá nípọn, á fi òkè kékeré sílẹ̀ ní etí ìlà tí ẹ ó máa fi sáńdípépà jà.

Ibi tí ẹ̀kọ́ yìí ti ń hàn jù ni ìlà dúdú àti funfun tí wọ́n kùn sára bàálù àwọn ọmọ ogun alájọṣe (Allies) nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, fún ìgbógunti Normandy ní ilẹ̀ Faransé ní oṣù kẹfà ọdún 1944. Ìlà márùn-ún ni, funfun ló bẹ̀rẹ̀, funfun ló parí. Fún bàálù ẹlẹ́ńjìnnì kan bí i Spitfire àti Mustang, fífẹ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ínṣì 18, èyí tó jẹ́ mílímítà 457. Ẹ pín in: ní 1/48, ìlà kan di mílímítà 9.5, ní 1/72, ó di 6.35. Ẹ kíyè sí i pé téèpù mílímítà 10 àti 6 tí wọ́n ń tà kò bá a mu. Bí ẹ bá fi ti 10 ṣe ìlà márùn-ún ní 1/48, ẹ ó ti fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ ní mílímítà méjì àti díẹ̀, ìlà tó kẹ́yìn á wá gun orí ibi tí kò kàn án. Ẹ fúnra yín gé e láti ara téèpù 18.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ kun gbogbo àyè ìlà márààrún ní funfun, mílímítà 47.6 ní 1/48, ẹ jẹ́ kó gbẹ di ọjọ́ kejì. Ẹ gé téèpù márùn-ún tí fífẹ̀ wọn dọ́gba, ẹ tò wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn kí etí wọn kanra láì gun ara wọn, lẹ́yìn náà kí ẹ yọ ìkejì àti ìkẹrin. Àlàfo tó ṣẹ́ kù ni dúdú máa gbà, láì lo rúlà lórí ibi tó rí róbótó. Ẹ tẹ etí mọ́lẹ̀, ẹ fín funfun fẹ́lẹ́ sí i, ẹ dúró, kí ẹ tó fín dúdú. Nígbà tó bá gbẹ, ẹ bo gbogbo rẹ̀ pátá, ẹ tún fín funfun sí etí òde, kí ẹ tó kun àwọ̀ ogun tó kù.

Àwọn kan máa ń sọ pé ìlà bàálù gidi náà kò gún, nítorí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún pẹ̀lú ìkánjú. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ rẹ̀ wọ́. Ṣùgbọ́n búrọ́ọ̀ṣì kì í gba inú ìlà páànù yọ́ lọ síwájú. Ìlà wíwọ́ ni wọ́n ṣe, wọn kò ṣe ìjò.

Ọwọ́ tó ń fín ọ̀dà náà ní ẹ̀bi tirẹ̀. Ìgbà tí ọ̀dà bá balẹ̀ tó sì ń dán yòò bí ohun tó fẹ́ ṣàn, ó ti pọ̀ jù ní etí téèpù. Ẹ fi tínà tó bá a mu po ó títí á fi máa yára sọ̀ kalẹ̀ lára ife tí ẹ fi ń pò ó, kó sì fi ìpele fẹ́lẹ́ sílẹ̀. Fún airbrush tí imú rẹ̀ jẹ́ mílímítà 0.2 tàbí 0.3, agbára afẹ́fẹ́ tó jẹ́ psi 12 sí 15, ìwọ̀n tí gééjì kọ̀ńpírẹ́sọ̀ ń fi hàn, tó. Ẹ dúró ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 8, ẹ fín in ní ìpele mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ sì sinmi ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta láàárín wọn. Ìpele àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́ débi pé ẹ ó ṣì máa rí àwọ̀ ìsàlẹ̀. Ẹ fín in tààrà láti òkè, tàbí kí ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ti orí téèpù lọ síta. Ẹni tó bá kọ imú airbrush sí etí téèpù ń fọwọ́ ara rẹ̀ ti ọ̀dà wọ abẹ́ rẹ̀ ni.

Gíláàsì ìjókòó awakọ̀ kò nílò àlàyé púpọ̀. Kò sí àwọ̀ lábẹ́ téèpù níbẹ̀, nítorí náà fánìṣì dídán tó fẹ́lẹ́ ni kí ẹ fi dí etí. Lẹ́yìn náà, àwọ̀ inú yàrá awakọ̀ ló ń kọ́kọ́ wọlé, kó lè hàn láti inú, kí àwọ̀ òde tó tẹ̀ lé e.

Ìgbàgbọ́ kan tún wà tó jẹ́ ìbátan èyí: pé bí téèpù bá ká ọ̀dà kúrò lára ike, ó lẹ̀ jù ni. Ẹ wo ẹ̀yìn ọ̀dà tó ká. Bí ike ló hàn lábẹ́ rẹ̀, ọ̀dà náà kò di ike mú láti ìbẹ̀rẹ̀ ni: epo tí ilé iṣẹ́ fi ń yọ ike kúrò nínú àpótí ìdà rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, tàbí òógùn ọwọ́, tàbí kí ẹ máà fi primer, ọ̀dà ìpìlẹ̀, sí i. Ẹ fi ọṣẹ ìfọwo àti omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́ fọ àwọn ẹ̀yà náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbẹ, kí ẹ fín primer. Ọ̀dà enamel, ọ̀dà elépo tó ń pẹ́ gbẹ, nílò ó kéré tán wákàtí 24 kó tó lè gba téèpù. Ọ̀dà olómi bí i ti ilé iṣẹ́ Vallejo ń di awọ rírọ̀, ó sì máa ń fà ya bí ẹ bá ń bó téèpù. Ẹ fi ẹnu abẹ gba etí téèpù fẹ́rẹ́ kí ẹ tó bó o. Ìgbà tí ọ̀dà òkè kò bá ti lẹ̀ mọ́ ìka mọ́ ni kí ẹ bó o, kì í ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ ká téèpù padà sórí ara rẹ̀, kó sún mọ́ ojú bàálù, ẹ fà á pẹ̀lẹ́. Ẹ má gbé e sókè fùú.

Ẹni tó bá ṣì ń jiyàn lè dán an wò lórí ike pẹlẹbẹ. Ẹ fi abẹ gbẹ́ ìlà mẹ́ta sí i, ẹ kùn ún ní funfun dídán, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ lẹ téèpù washi olówó pọ́ọ́kú àti olówó ńlá sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn kí méjèèjì gba orí ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá. Ẹ fi funfun dí ìdajì etí kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ìdajì sílẹ̀, kí ẹ wá fín dúdú sórí gbogbo rẹ̀, kó tutù díẹ̀. Nígbà tí ẹ bá bó wọn, ibi tí ẹ dí àti ibi tí ẹ kò dí ni ẹ fi wé ara wọn, kí ẹ tó fi téèpù wé téèpù.

Èyí tó ti jò tẹ́lẹ̀ ṣì ní àtúnṣe, ó kàn wà lọ́wọ́ irú ọ̀dà tí ẹ lò. Bí ìsàlẹ̀ bá jẹ́ lacquer (ọ̀dà tí tínà líle ń yọ́) tó ti gbẹ dáadáa, tí òkè sì jẹ́ acrylic Tamiya (ọ̀dà tí ọtí ń yọ́), ẹ fi ọtí isopropyl díẹ̀ rin òwú onígi, ẹ fún un kó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, kí ẹ nu ibi tó jò. Acrylic á kúrò, lacquer á dúró. Bí méjèèjì bá jẹ́ irú kan náà, ọtí á kó wọn lọ pọ̀, nítorí náà ẹ gbẹ́ orí igi ìtayín kó mú ṣóńṣó, ẹ fi ha dúdú náà kúrò díẹ̀díẹ̀, tàbí kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín fi funfun bò ó.